Bí Hassanat Ṣe Ń Sọdá Títì Eneka

Hassanat, aránṣọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Eneka, kì í fọkàn tán awakọ̀ tó bá rẹ́rìn-ín sí i. Ẹlẹ́rìn-ín ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́dún 2015. Lójú ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì fún ẹlẹ́sẹ̀, awakọ̀ kan dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i pé kó máa kọjá. Ó gbà á gbọ́. Bó ṣe kọjá iwájú ọkọ̀ náà tán báyìí, òmíràn yọ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gbá a dànù. Ẹlẹ́rìn-ín ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó yà fún un bí ẹni yà fún kòtò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òdìkejì títì yẹn sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí kò bá sọdá, kò ní jẹun. Bó bá fẹsẹ̀ tó ń tiro sọdá, wọ́n lè ṣẹ́ èyí tó kù.

Ló bá dúró, ó ń ṣọ́ àwọn awakọ̀. Wọn kì í dúró fún arúgbó. Fèrè ni wọ́n ń fọn fún aboyún. Àfi lọ́jọ́ tí obìnrin kan ru ọpọ́n epo pupa tí kò ní ìdérí, tí gbogbo wọn tẹ bíréèkì, tọ̀tún tòsì. Hassanat mi orí. Ara ọkọ̀ wọn ni wọ́n ń ṣàánú.

Ó tọ Faruk àbúrò rẹ̀ lọ, ẹni tó ń kun ilé, ó ní kó fún òun ní ọ̀dà pupa tó kù nísàlẹ̀ garawa.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ kun ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Má dé e."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hassanat gbé garawa dání létí títì, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀. Jíìpù funfun kan ń sáré bọ̀. Bí awakọ̀ rẹ̀ ṣe rí ọ̀dà, táyà han. Hassanat ò kánjú. Ọ̀nà kejì ló ń wò. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń bọ̀ níbẹ̀, àwọn èrò inú rẹ̀ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló pariwo mọ́ awakọ̀ wọn kó tó dúró.

"Mama, abeg, easy! Cover that thing!" Oníjíìpù ti na ọwọ́ síta, bí ẹni fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọkọ̀.

Hassanat tún mi garawa díẹ̀. Ó tiro sọdá.

Faruk tó ń wòran lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. "Hẹ̀ẹ̀! Àǹtí mi, wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún yín!"

Hassanat tẹjú mọ́ inú garawa. "Ó ti ń gbẹ. Wá òmíràn tó tutù fún mi kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo ṣì máa sọdá padà sílé."