Lẹ́tà Ara Ògiri

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thenmozhi fi etí aṣọ sárì tó wọ̀ nu gíláàsì ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ ojú ní yunifásítì kan ní ìlú Madurai, ní Íńdíà. Àmọ́ bí kò bá yege nínú àyẹ̀wò ojú tòní, kò ní mú abẹ mọ́.

Ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó sì ka àwọn lẹ́tà ara ògiri tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń mu omi.

Pechiammal, nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, yíjú wo ògiri. "Mà, ẹ ò ṣì í rárá. Àmọ́ ti tẹ́lẹ̀ lẹ kà. A ti pààrọ̀ ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní àwọn bàbá arúgbó tó ń wá yẹ ojú wò ti ń há a sórí."

Thenmozhi bú sẹ́rìn-ín. "Mo sì ń pè wọ́n ní ẹlẹ́tàn! Èmi ọ̀gá wọn rèé. Ta ni yóò wá ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú mi tí kò ríran dáadáa mọ́ yìí?"

"Dókítà Kathirvel ló wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Èyí tí mo jẹ́ kó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì?"

"Òun gan-an."

Ó bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì lọ tò sẹ́yìn àwọn bàbá arúgbó tó tò síta láti rí dókítà.