Okùn Ìdí Ológbò

Àbúrò mi ọkùnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ológbò. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń gun òrùlé onílé kiri, tó ń de díìṣì mọ́ ọn kí wọ́n lè rí bọ́ọ̀lù àti fíìmù wò. Kò ṣubú rí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí ẹni tí kò ṣubú rí kì í wo ilẹ̀.

Nígbà náà, èèyàn á sanwó ọgọ́rùn-ún ìkànnì kó tó rí mẹ́ta tó fẹ́ wò. A fara mọ́ ọn, Ológbò sì ń rí jẹ. Àfi bí àwọn ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo tiwọn lórí fóònù, tí wọ́n ń sanwó oṣù fún kìkì ohun tó wù wọ́n. Láti ìgbà náà ni ìpè tó ń wọlé fún Ológbò ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ní kó wá de díìṣì mọ́. Kó wá tú u ni.

"Iṣẹ́ níṣẹ́ ń jẹ́," ló sọ fún mi. "Òrùlé kan náà ṣáà ni."

Kì í ṣe òrùlé kan náà. Páànù tó ń dán nígbà tó kọ́kọ́ gùn ún ti dípẹtà, orúnkún òun náà sì ti ń dún. Lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ilé kan, òpó díìṣì ló rọ̀ mọ́. Ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ fún wa. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Àkọ́bí mi obìnrin wá ra àpótí kékeré kan tó ń gba fíìmù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n mi, ó ní kí n tú díìṣì kúrò, pé ìdí òpó rẹ̀ ni òjò ń gbà wọ yàrá. Ta ni mo fẹ́ pè? Ẹnu ara mi ni mo fi pè é.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé mi, òjò sì ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní bí kò bá so okùn mọ́ ìdí, kò ní fẹsẹ̀ kan àkàbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

"Ewúrẹ́ gbọ́n ju kó gun òrùlé lọ. So ó."

"Ó dáa, Màmá Àdúrà."

Ó so ó, ó gòkè. Mo di àkàbà mú, mo ń gbàdúrà, ọkàn mi sì balẹ̀ nítorí okùn yẹn. Mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Mò ń gbọ́ sípánà tó ń tú bóòtì. Bóòtì kan já bọ́ sílẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo gbójú sókè, mo tọpa okùn láti ìdí rẹ̀. Ara òpó díìṣì ló so ó mọ́.

Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òpó díìṣì tó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló máa ń rọ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò bi orí rẹ̀ léèrè. Bóòtì mẹ́rin ló sì di òpó yẹn mú. Ológbò ti fara tì sẹ́yìn, okùn ló gbé e ró, ó ń wá ẹ̀kẹrin.

Bí mo bá kígbe, á ta gìrì. Mo gbé igbe mì. Mo pè é bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn.

"Àbúrò mi, rọra fara mọ́ páànù."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀. Ó ku ẹyọ kan."

"Mo mọ̀. Wo ibi tí o so okùn mọ́."

Sípánà dákẹ́. Kò wò mí. Ojú rẹ̀ wà lára kókó okùn, ó pẹ́ níbẹ̀. Òpó náà tẹ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọmọ tí mo pọ̀n, "ẹ má fi àkàbà sílẹ̀ o."

Mo ti gbá a mú. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín òun àti àkàbà, páànù tútù ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú níbẹ̀.