Ẹnu Ìyá Lára Ògiri

"Jetzt!" ni mo pariwo, ìyẹn "nísinsìnyí" lédè Jámánì, Màmá ìsàlẹ̀ sì tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ó ti pẹ́ jù. Obìnrin tó wà lára ògiri ti pa ẹnu dé kí ohùn tó jáde.

"Jetzt tìrẹ yìí ń tòògbé," ni Màmá wí, ó sì dá fíìmù padà sẹ́yìn.

Màmá ìsàlẹ̀ là ń pè é, nítorí ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń gbé ní àdúgbò Steilshoop ní Germany. Ó ti fa kọ́tìnì bo oòrùn ọ̀sán. Eruku ń jó lórí gílóòbù ẹ̀rọ àwòrán, ẹ̀rọ náà sì ń dún kẹkẹkẹ. Mo fẹ́ràn òórùn eruku yẹn ju ti búrẹ́dì gbígbóná lọ.

Ìyá rẹ̀ ló wà lára ògiri. Lọ́jọ́ tí Màmá ń kúrò nílé bọ̀ wá sí Germany, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró ti ìyá wọn, ó ya fíìmù tí kì í gba ohùn, ó sì gbé rékọ́dà kọ́ èjìká. Màmá ti wà nínú ọkọ̀, ariwo ẹ́ńjìnì ò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Ètè ìyá rẹ̀ nìkan ló rí. Ṣé "máa lọ" ló wí ni, àbí "má lọ"? Bákan náà ni ètè ń ṣe sí méjèèjì. Ìyá náà kú kí Màmá tó padà délé, kò sì mọ̀ bóyá ó yọ̀ǹda òun.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà ti wá ń gbé ní Berlin, mú kásẹ́ẹ̀tì ohùn ọjọ́ náà wá, ohùn méjì la gbọ́ nínú rẹ̀: ẹnì kan ń sọ pé máa lọ, ẹnì kan ń sunkún pé má lọ. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ohùn wọn sì jọra bí ìbejì. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe sinimá ní Berlin jẹ irú ìyà yìí náà: giramafóònù ń sáré tirẹ̀, àwòrán ń rìn tirẹ̀.

"Rọra máa dán an wò," ó ní. "Bó pẹ́ bó yá, wọ́n máa pàdé."

A dán an wò títí ọ̀sán fi rọ̀. Mo tún pariwo. Ètè là, ohùn sì bá a jáde: "Máa lọ, ọmọ mi. Má gbé síbẹ̀ o."

Màmá jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ó ní kí n máa lọ," ó ń wí, ó ń sunkún, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò tíì rí àgbàlagbà tó ń sunkún ayọ̀ rí.

Nígbà tí èmi náà dàgbà tí mo ń kó lọ sí Berlin, ó sìn mí dé ibùdókọ̀ reluwé. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti tì kó tó la ẹnu. Láti ẹ̀yìn gíláàsì ni mo ti rí ètè rẹ̀. Ó ti kú báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Èmi ni mo ń fi ohùn sí ètè yẹn fúnra mi. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá dùn, máa lọ ni mo ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí òtútù bá wọ egungun, má lọ ni.