Hàǹtú Ìyá Àgbà

Òórùn méjì wà tí mi ò lè yà sọ́tọ̀ mọ́ títí dòní: ti oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù, àti ti tàdáwà, yíǹkì dúdú tí à ń fi kọ wàláà nílé kéú. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ló pa wọ́n pọ̀ fún mi. Ọjọ́ Àtàláátà ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní Ìlọrin, irin wúwo kan rọ̀ dirodiro níbi ẹsẹ̀ òsì mi, Ìyá Àgbà sì ń gbé abọ́ sí mi lẹ́nu.

Kí n tó dé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìjókòó. Ní agboolé wa ní Pàkátà, Òkòtó ni Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ń pè mí, nítorí bí mo ṣe ń pòòyì kiri láti àárọ̀. Màmá mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ṣàngó, kì í fi tiẹ̀ ṣe àwàdà. "Jókòó, Mùíná! Tó o bá jókòó, ilé ò ní wó." Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ, mi ò sì gbà á gbọ́ rí. Ilé kéú nìkan ni ìdí mi ti ń kanlẹ̀, níbẹ̀ náà, ẹsẹ̀ mi á ṣì máa jó lábẹ́ wàláà.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, tí ilé kéú kì í ṣí, ni mo gun igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa. Èyí tó pọ́n jù ló wà lókè pátápátá, èmi náà sì ni mo gbọ́dọ̀ ká a. Mo gbọ́ ìró ẹ̀ka, kí n tó mọ nǹkan kan mo ti wà nílẹ̀. Egungun itan mi ló kán. Bàbá mi gbé mi sẹ́yìn mọ́tò aládùúgbò wa, Màmá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tí èmi ń bi wọ́n léèrè títí a fi dé ọsibítù ni pé, ṣé ẹsẹ̀ mi á ti san kí wòlímọ̀ tó dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Ìlọrin láyé ìgbà yẹn, ẹ mọ ohun tí wòlímọ̀ jẹ́ fún ọmọ tó parí kéú. Aṣọ funfun mi ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ìyá Àgbà ti ra agboorùn tí wọ́n máa ṣí lé mi lórí, ó sì ti ní kí wọ́n rán ọ̀ṣọ́ mọ́ etí rẹ̀ yíká. Àwa mọ́kànlá la jọ fẹ́ ṣe é, Àáfà wa sì ti pín ohun tí kálukú máa kà lójú gbogbo èèyàn. Mo ti há apá tèmi sórí.

Dókítà ní wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi irin de egungun náà. Ó ní tí wọ́n bá ti ṣe é lọ́jọ́ Àtàláátà, wọ́n lè fi àga gbé mi lọ síbi wòlímọ̀ lọ́jọ́ Àláádì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àtàláátà nìkan ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n so irin mọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ yí rárá. Ẹ wá wo Òkòtó! Mo ka gbogbo àbàwọ́n òjò tó wà lára àjà, mo sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ. Nígbà tí wọ́n sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka apá tèmi sókè, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ibì kan wà láàárín rẹ̀ tó gùn, tó yẹ kéèyàn kà ní èémí kan. Èémí mi kì í tó, torí bí mo bá mí kanlẹ̀, irin yẹn á fa itan mi. Mo wá máa ń dúró láàárín rẹ̀, mà á mí díẹ̀, mà á tún máa lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àtìní, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa pé kí n má jẹ, kí n má mu, títí wọ́n á fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ dáadáa. Òun ló tilẹ̀ gba ìyókù bisikíìtì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dé pẹ̀lú abọ́ kékeré tó fi aṣọ bò. Àáfà ti kọ àdúà ìwòsàn kún ojú wàláà méjèèjì, ó sì ti fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́. Hàǹtú nìyẹn. Ìyá Àgbà ní kí n mu ún tán, kí n má ṣẹ́ ẹ kù. Mo mu ún. Ó korò díẹ̀, ó sì ń rùn bí èédú tí omi pa.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá béèrè bóyá nǹkan kan ti kan ẹnu mi, Ìyá Àgbà dáhùn láìmikàn: "Ó tì o. Kò jẹ, kò mu." Kò purọ́. Lójú tiẹ̀, hàǹtú kì í ṣe omi, àdúà ni, ta ló sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ní kí aláìsàn má gba àdúà? Nọ́ọ̀sì ní kí n la ẹnu, kí òun wò bóyá eyín mi kan ń mì. Ahọ́n mi ti dúdú kirikiri.

Dókítà fúnra rẹ̀ wá. Ọmọ Ìlọrin lòun náà, kò pariwo. Ó jókòó ti Ìyá Àgbà lórí bẹ́ńṣì. "Màmá, hàǹtú ni wọ́n fi tọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n inú kan náà ló ń lọ. Tá a bá fún un lóògùn oorun báyìí, ó lè bì í, kó sì há a lọ́fun." Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà sí Àtàláátà tó ń bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ló máa kù sí wòlímọ̀ nígbà náà, Dókítà sì ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n gbé mi jáde.

Mo bínú sí Ìyá Àgbà, irú ìbínú tí mi ò bí sẹ́nikẹ́ni rí. Orí mi nìkan ni mo lè yí, mo wá yí i sí ògiri. Ó kí mi, mi ò dáhùn. Ó bẹ̀ mí, ó ní, "Òkòtó mi, kó lè dáa ni mo ṣe ṣe é." Mi ò dáhùn. Wàrà ni Ìyá Àgbà ń tà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń kiri rẹ̀ káàkiri Ìlọrin lójoojúmọ́. Èèyàn tó yẹ kí wọ́n pè ní Òkòtó gan-an nìyẹn. Ó gbé igbá wàrà sílẹ̀. Láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ní kí àlejò máa lọ, orí bẹ́ńṣì yẹn ló máa ń wà, tó ká ọwọ́ lé itan. Èmi ń fi ìbínú ka apá tèmi sí ògiri, bí ẹni pé ẹjọ́ rẹ̀ ni mò ń rò.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ìyá Àgbà ti gbé ìgò hàǹtú mìíràn wá, ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló fi pamọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló bi nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà pé, "Síísítà, ṣé àsìkò ti tó?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, Ìyá Àgbà ò wá. Màmá nìkan ló wà lórí bẹ́ńṣì, kò sì fẹ́ wò mí lójú. Mo ní mo mọ ibi tí Ìyá Àgbà lọ. Ó ti lọ wo ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ agboorùn. Mo sunkún títí ìrọ̀rí mi fi tutù.

Ìrọ̀lẹ́ ni Sìdí, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó nílé kéú, sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Òun ló ròyìn fún mi. Ó ní nígbà tí Àáfà pe orúkọ mi, tó fẹ́ ṣe àdúà fún mi kó sì kọjá sórí ẹlòmíràn, Ìyá Àgbà dìde láàárín àwọn ìyá. Ó gba wàláà mi, ó lọ dúró sí àyè mi láàárín àwọn ọmọdé, wọ́n ṣí agboorùn mi lé e lórí, ó sì kà á. Ìyá Àgbà, tí kò mọ álíífù! Orí wàláà ló dojú kọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Kò ṣì í," ni Sìdí wí, "àfi ibì kan tó ti dúró mí, níbi tí kò yẹ. Àáfà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.'"

Ìyá Àgbà wọlé tẹ̀ lé e, ó gbé wàláà náà lé mi láyà. Ó ní, "Mo ti bá ẹ kà á." Ojú tì mí. Mo kàn yí orí kúrò lójú ògiri, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Àgbà." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá a sọ láàárín ọjọ́ méjìlá nìyẹn.

Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́. Malete, ìlú kan nítòsí Ìlọrin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ojoojúmọ́ ni mò ń wa mọ́tò lọ tí mò ń wà á bọ̀. Ìpòòyì náà ò kúrò lára mi. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi dé ọsibítù lójijì, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ní sùúrù jù mí lọ. Kí ọjọ́ kejì tó pé, mo ti bá dókítà jà, mo sì ti kọjú sí ògiri fún ọmọbìnrin mi torí pé ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Kò bá mi jiyàn. Ó fa àga, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Mo mọ ìjókòó yẹn.

Mo yí ojú padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè gbọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka apá tèmi, jẹ́jẹ́. Kò sí irin lẹ́sẹ̀ mi mọ́, èémí mi sì tó. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ibi tó gùn yẹn, mo dúró.