Ẹni Tó Ń Bá Mi Ṣu Fúláwà

Ọdún tí a kó dé Okota ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan bọ́ǹsì. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dín nínú òróró o. Èyí tí mò ń sọ, inú ààrò gáàsì ni wọ́n ti ń yan án, ó máa ń rọ̀ bíi búrẹ́dì, àjàrà gbígbẹ sì máa ń wà nínú ẹ̀. A bá ààrò náà ní kíṣìnnì ni. Ẹni tó gbé ilé náà kí àwa tó dé ló fi í sílẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ní ó wúwo jù fún wọn láti kó.

Oṣù ààwẹ̀ ni. Pápákọ̀ òfuurufú lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò ìṣínu kó tó délé. A ò tíì bímọ nígbà yẹn. Èmi nìkan ni mo máa ń wà nílé, tí mò ń ránṣọ, tí bàálù ń fò kọjá lórí òrùlé. Mo ra kànáfùrù àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì l'Óṣòdì, mo lọ̀ wọ́n, mo pò wọ́n mọ́ fúláwà, bọ́tà, ṣúgà àti yíìsì. Mo fi aṣọ bo ọpọ́n náà kó lè wú, mo wọ yàrá lọ kírun Àlàsárì.

Nígbà tí mo padà dé kíṣìnnì, wọ́n ti gé fúláwà náà, wọ́n ti ṣù ú róbótó-róbótó, wọ́n ti tò ó sínú tíréè.

Mo wo ọwọ́ mi. Kò sí fúláwà lára ẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì, tẹ̀yìn náà wà ní títì. Mo kàn yan wọ́n bẹ́ẹ̀, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Mo wá sọ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ebi ń pa ẹ́ ni. Ìwọ náà lo ṣù ú, o kàn gbàgbé."

Ó wù mí kí n gbà á gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo po òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣù ú fúnra mi kí n tó lọ kírun. Mo wà lórí ìrun nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára tíréè. Mi ò yíjú. Bí mo ṣe kírun tán ni mo sáré lọ. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀bẹ fa àgbélébùú sórí bọ́ǹsì kọ̀ọ̀kan.

Èmi tí wọ́n bí sílé kéwú n'Ísẹ́yìn! Mo ka gbogbo àdúà tó wà lẹ́nu mi. Nígbà tí ọkọ mi dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ká lọ rí ààfáà. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Nígbà tí mo tún po fúláwà, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, mo jókòó. Oòrùn mú gan-an. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ni mo bá gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń yí nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Màmá arúgbó kan ló wọlé. Ó tín-ín-rín, gáùn tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn padà, ó fọwọ́, ó ṣí aṣọ orí ọpọ́n, ó fi ìka gé díẹ̀ sẹ́nu.

"Iyọ̀ ẹ̀ ò tó," ó wí, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Ààwẹ̀ ò jẹ́ kí n tọ́ ọ wò.

"Màmá, ẹ káàsán," ni mo wí. "Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ta ni màá máa wá nínú ilé mi?"

Ó ti ń ṣu fúláwà náà, ọwọ́ ẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ó wá gbójú sókè, ó wo kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn mi, ojú ẹ̀ rọ̀.

"Má sún mọ́ ààrò o. Tó bá tutù, màá fún ẹ."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìgbálẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Màmá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "O ò rí i ni?"

Ibi tí a wà nìyẹn tí wọ́n fi ń gbá ilẹ̀kùn iwájú. Mo lọ ṣí i. Obìnrin kan tó ti làágùn gan-an ló ń bi mí bóyá mo rí màmá òun. Nígbà tó rí ìyá ẹ̀ ní kíṣìnnì, ó fà mí sí kọ́rídọ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Inú ilé yìí ni ìyá ẹ̀ gbé pẹ́ jù láyé ẹ̀. Tí ọdún Àjíǹde bá dé, òun ló máa ń yan bọ́ǹsì alágbélébùú fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ọmọ ẹ̀ yìí mú un lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ ní òpópónà kejì. Kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ yẹn?" ni mo bi í.

Ó bojú wo kíṣìnnì. "Àbúrò mi obìnrin ni. Inú ilé yìí ló kú sí, kò tíì ju ẹni tó ń kọ́ ìrìn lọ. Màámi kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó fún mi, wọ́n sì lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi padà wá bá mi, ó ní láti ọjọ́ yẹn màmá ò jẹun dáadáa mọ́. Mo ní kó máa mú màmá wá lọ́jọ́ Sátidé.

"Obìnrin tó ń bá òkú sọ̀rọ̀, nínú ilé wa?" ọkọ mi bi mí.

"Ọmọ ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀," mo dá a lóhùn.

Wọ́n ń wá títí Iléyá fi kọjá. Màmá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rẹ àjàrà sínú tíì lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó wọnú fúláwà. Mi ò rí nǹkan kan ní kọ̀rọ̀ yẹn rí, ṣùgbọ́n mo gbé ìgbálẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo sì máa ń rọra yà fún ibẹ̀ tí mo bá gbé tíréè gbígbóná.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọmọ ẹ̀ fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn n'Íjẹ̀bú. Wọ́n wá dágbére. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀ náà.

"Ó yá, ká máa lọ."

Ó dúró bí ẹni tó ń retí kí ọmọdé wọ bàtà tán. Ó wá pa ìka ẹ̀ dé, ó tẹ èjìká sílẹ̀ lápá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, ìṣísẹ̀ ẹ̀ kéré gan-an. Èmi àti ọmọ ẹ̀ wo ara wa.

Ọkọ mi ní ara wa á wá fúyẹ́ báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, kíṣìnnì náà dákẹ́ débi pé mi ò lè dá dúró síbẹ̀. Mo gbé rédíò lọ síbẹ̀, mo tàn án, mo jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ títí ọkọ mi fi dé.