Bọ́ọ̀lù Tó Ń Ti Òkè Òkun Wá sí Karu

Ọmọbìnrin mi fẹ́ràn géèmù bọ́ọ̀lù púpọ̀. Wuse ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń gbá a, ní ṣọ́ọ̀bù kan, àwa sì ń gbé ní Karu, tó jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀rù takisí ló ń bà mí. Olè tí wọ́n ń pè ní wọ́n-ṣáǹsì a máa ṣe bí èrò, ẹni tó bá bá wọn wọkọ̀ ti há.

Nígbà tó wá sọ pé òun lè gbá a nílé, inú mi dùn. Ó ní kọ̀ǹpútà ńlá kan lókè òkun ni yóò máa ṣiṣẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì á kàn máa gbé àwòrán rẹ̀ wá sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà nílé.

"Ó parí nìyẹn," ni mo wí. "Kò sí Wuse mọ́."

"Bí nẹ́tíwọ̀kì ò bá gbé e ńkọ́, Mọ́mì?"

"Ṣebí fíìmù ń ṣiṣẹ́ geerege lórí fóònù mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ pe Màmá àgbà ní fídíò ná. Ẹ kí wọn dáadáa."

Mo pe ìyá mi ní Ọ̀ṣun. Ojú wọn mọ́ kedere. Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn bí a ṣe ń kí àgbà, láìdánu dúró.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Àgbò yín ńkọ́?" Wọn ò fèsì. "Pásítọ̀ yín ńkọ́?"

"A ti pa á jẹ nígbà Àjíǹde!"

Mo figbe ta. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ rí i? Àwòrán mọ́, èsì ló ń pẹ́ dé. Fóònù máa ń kó fíìmù pa mọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ta ló fẹ́ kó bọ́tìnì tí mi ò tíì tẹ̀ pa mọ́?"

Ta ló kọ́ ọ ní irú àlàyé yìí?

Síbẹ̀, mo fura. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Wuse, ṣé kò ní sọ pé tilé ò dáa? Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ló gbà kí tilé lè dáa. Ó fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wa, ó ní kí n pa fíìmù tí mò ń wò lórí fóònù, kó má bàa jẹ nẹ́tíwọ̀kì. Géèmù tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú ló kọ́kọ́ ṣí. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé inú ilé wa ni kọ̀ǹpútà ńlá náà wà.

"Eléyìí dáa, Mọ́mì, kò sí irọ́ ńbẹ̀; kò gba ìkánjú. Màá máa ṣe é nílé." Ó ṣí ti bọ́ọ̀lù, ó sì gbé ẹ̀rọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbá a lé mi lọ́wọ́. "Ẹ fúnra yín gbá a."

Mo tẹ̀ ẹ́ pé kí agbábọ́ọ̀lù mi gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo tún un tẹ̀. Gólì mi fò lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti wọ inú àwọ̀n.

"Abeg, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ bọ́tìnì!"

Ọmọ tó lè sọ ibi tí ohun tí kò wù ú dáa dé, tí kò sì fi kún àléébù rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà. Ní Sátidé, mo jẹ́ kó lọ sí Wuse. Àwa méjèèjì la jọ wọ takisí, mo sì ti ká a mọ́ àárín èmi àti fèrèsé kí awakọ̀ tó ṣáná sí ọkọ̀.