Ìwé Kàlẹ́ńdà Tí Mo Gbé Sórí Fídíò

Òórùn ọ̀dà mọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ọ́fíìsì wa ní Muṣin. Òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kùn mọ́tò lọ́dà la wà: yàrá méjì, fèrèsé kan, àti bẹ́ńṣì gígùn kan tí àwọn tó wá gba ìmọ̀ràn máa ń jókòó sí. Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀dà nísàlẹ̀, gbogbo wa lókè á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ẹni tó ń sunkún nítorí onílé ẹ̀ àti ẹni tó ń tù ú nínú. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn yẹn o. Tí onílé bá fẹ́ jù ẹ́ síta, tí ọ̀gá ẹ bá lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́ láìnídìí, Àǹtí lọ́yà tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ lo máa lọ bá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ò mọ̀ pé a wà.

Ibẹ̀ lèmi ti wọlé. Mi ò kàwé jìnnà, ìwọ náà mọ̀. Ó ku ọdún kan kí n jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni mo já a jù sílẹ̀, torí mi ò ní sùúrù fún ẹni tó máa kọ nǹkan sójú pátákó, kó tún wá nù ún kúrò. Ṣùgbọ́n tó bá di ká ya fídíò, ká gé e, ká fi orin sí i, kó gbòde kan, láti Muṣin dé Súrúlérè, kò sẹ́ni tó tó mi. Mi ò fọ́nnu o. Ó dáa, mò ń fọ́nnu, àmọ́ òótọ́ ni. Kí n tó dé, àwòrán òdòdó àti "Ẹ kú àárọ̀ Mọ́ńdè" ni wọ́n máa ń gbé sójú ìwé wọn lórí ayélujára. Èèyàn mẹ́ta ló máa ń láìkì í, Àǹtí lọ́yà fúnra ẹ̀ sì wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn.

Lọ́jọ́ kan, onídìrí kan gun àtẹ̀gùn wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, yàrá kan ló ń gbé nínú ilé táwọn ayálégbé pọ̀ sí. Ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ló ti ń dirun fáwọn èèyàn, inú ẹ̀ lòun àtàwọn ọmọ ẹ̀ méjì ń sùn. Tí yàrá yẹn bá lọ, ilé lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Ó yọ ìwé kan nínú báàgì, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tí wọ́n ya, tí onílé ẹ̀ fi báírò pupa kọ gàdàgbà sí: "KÚRÒ NÍLÉ MI. ỌJỌ́ MÉJE PÉRÉ."

Àǹtí lọ́yà kà á, ó sọ ọ́ sórí tábìlì. "Ẹ má di ẹrù kankan. Ilé ẹjọ́ ló lè lé yín jáde, kì í ṣe kàlẹ́ńdà."

Onídìrí yẹn rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nìyẹn. Àǹtí lọ́yà wá ní kó má sọ fẹ́nì kankan ládùúgbò, kí òun kọ́kọ́ kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí onílé ná.

Èmi ti gbé fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ yín ṣe fídíò, káwọn míì lè mọ ẹ̀tọ́ wọn."

"Àbúrò, ṣé ojú mi ò ní hàn?"

"Màmá tó bí yín gan-an ò ní dá yín mọ̀."

Mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo fi kùrukùru bo ojú ẹ̀, mo sọ ohùn ẹ̀ di tọmọdé, mo tún yí àwọ̀ aṣọ ẹ̀ padà. Kí ni wàá wá fi gbè é lẹ́sẹ̀ pé òótọ́ ni? Mo fi ìwé kàlẹ́ńdà yẹn sáàárín, mo fà á súnmọ́ ojú gbàgàdà. Àǹtí lọ́yà ti ní òun gbọ́dọ̀ wo fídíò kí n tó gbé e jáde, àmọ́ kóòtù ló wà títí dọ̀sán. Ta ló máa dúró dè é? Mo gbé e jáde.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé onílé yẹn, gbogbo nǹkan ló máa ń kọ̀wé sí. "Ẹ má kó pàǹtí síbí" wà lára ògiri ẹ̀. "Kúrò lẹ́nu kàǹga" wà lára kàǹga. Ọwọ́ kan náà, pupa kan náà, ẹsẹ̀ K ẹ̀ máa ń gùn bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ń gbé òpópónà yẹn tí kò mọ K yẹn.

Fóònù mi gbóná lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé ránṣẹ́ láti ibi tí mi ò dé rí. Mo gbé èjìká sókè wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Onídìrí ti dé síbẹ̀ ṣáájú mi. Kò jókòó.

"Àbúrò, onílé rí ìkọ̀wé ẹ̀ nínú fídíò, ó mọ̀ pé ìwé tóun fún mi ni, ó ti yọ ilẹ̀kùn mi. Ó gbé e wọ pálọ̀ ẹ̀, ó jókòó tì í."

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Orí dídúró yẹn la wà tí ẹsẹ̀ tún fi ń dún lórí àtẹ̀gùn. Ayálégbé mẹ́ta tí fídíò yẹn gbé wá, ilé kan náà pẹ̀lú onídìrí, oníkálukú pẹ̀lú ìwé kàlẹ́ńdà tiẹ̀. Ẹ̀yìn Oṣù Kẹta lọ́wọ́ ọ̀kan, ẹ̀yìn Oṣù Kẹsàn-án lọ́wọ́ òmíràn. Ìtìjú ò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn fi han ẹnìkejì. Bàbá kan nínú wọn ń wo onídìrí, ó ní, "Àṣé ìwọ náà? Mo rò pé èmi nìkan ló kórìíra ni!"

Ṣé o rí i? Mi ò mọ̀ bóyá kí n bẹ̀bẹ̀ tàbí kí n yan. Mo bá tún na fóònù sókè. Àǹtí lọ́yà wò mí, ó ní, "Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀." Kò lé mi, kò sì yìn mí. Gbogbo wa tẹ̀ lé e lọ sílé yẹn lọ́jọ́ náà.

Onílé jókòó ti ilẹ̀kùn lóòótọ́. Àǹtí lọ́yà kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó wá tẹ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú ẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí adájọ́ máa ka èyí sókè lójú gbogbo èèyàn ni?"

"Ta ló ní kí wọ́n gbé ìkọ̀wé mi fún gbogbo ayé? Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!" Àfi bíi pé ìyẹn ló dùn ún jù. Kílẹ̀ tó ṣú, òun fúnra ẹ̀ ló gbé ilẹ̀kùn yẹn padà sáyè ẹ̀, ó ń kùn bí ó ṣe ń yí ìdè ẹ̀.

A borí, àbí? Mo ti ń ro fídíò ìkejì. Ṣùgbọ́n kò pẹ́, onídìrí kó ẹrù ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Makoko. Kò sẹ́ni tó lé e. Àwọn èèyàn tó ń wá ò wá dirun mọ́, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wá wò. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ìyá Onílẹ̀kùn. Mo bá a gbé ẹrù wọnú kẹ̀kẹ́, mo ní kó má bínú.

"Mi ò bínú," ló wí, ó sì ń to abọ́ sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀. "Àwọn tó kù yẹn jàre, wọ́n rílé gbé. Àmọ́ àṣírí tèmi lo fi ṣe wọ́n lóore."

Mo yọ fídíò yẹn kúrò. Ojú ìwé wa ti ní èrò gan-an báyìí, bẹ́ńṣì ò sì gbà wọ́n mọ́. Nínú fídíò tí mò ń yà báyìí, èmi náà ni mò ń ṣe onílé, èmi náà ni mò ń dé wíìgì ṣe ayálégbé, mo sì ń dúró kí Àǹtí lọ́yà wò ó tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń yún mi. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá bi mí bóyá ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn dáa, ìṣirò ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdílé mẹ́ta ń sùn nínú ilé yẹn torí mi, ìdílé kan ò lè sùn níbẹ̀ mọ́ torí mi. Mo ti fi ìkan yọ ìkan títí, kò yọ. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ò ju pé èèyàn lè ṣe ẹni púpọ̀ lóore, kó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkan tí kò yọ̀ǹda ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló ti já oore náà gbà.